Sàléńsà Oníkùn

Ọ̀rọ̀ alùpùpù la gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe ti ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Alùpùpù eré ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó àwọn òbí wọn láyà sókè láti ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, RD350LC ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti dáyé, síbẹ̀ títí di òní, ẹ ó rí àgbà ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tó máa tilẹ̀kùn gáréèjì mọ́rí lọ́jọ́ Sátidé, tó máa tú alùpùpù yìí palẹ̀ títí kò fi ní ku bóòtù kan lára ẹ́ńjìnì rẹ̀, tó sì máa tún gbogbo rẹ̀ tò padà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é nílé kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì yìí ni afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Agbára tí gbogbo wọn ń wá kiri ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Ẹ bá mi ká lọ, ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Sìlíńdà méjì ni RD350LC ní, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbú ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 mm, písítìnì inú rẹ̀ sì ń rin ìrìn 54 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 347 cc. Yamaha sọ pé agbára ẹṣin 47 ló ń mú jáde nígbà tó bá ń yí po ní ìgbà 8,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n ń tò l'Ékòó láyé ọjọ́sí, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé èyí tó jẹ́ 1300 nínú wọn, agbára ẹṣin 44 ló ní, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì tirẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin ti alùpùpù yìí. Ìjàpá ń gbé baba, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù oko. Alùpùpù yìí, bí a bá yọ epo àti omi kúrò nínú rẹ̀, nǹkan bíi kìlógíráàmù 143 ló wọ̀n. Ẹ wá fojú inú wo bó ṣe máa fò!

Ó ní àbúrò kan, RD250LC. Òun ló dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọmọ ọdún 17 tí kò tíì ṣe ìdánwò kankan gun alùpùpù tí kò bá ju 250 cc lọ, kó ṣáà ti lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ ọn. Yamaha wá ṣe 250 tó ń sáré tó nǹkan bí ọgọ́jọ kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ọmọdé ń gùn ún, òkú ń sùn, ìjọba fárígá. Nígbà tó fi máa di 1983, wọ́n ti fà á wálẹ̀ sí 125 cc fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ní ti 350, wọ́n dá eré ìdíje kan sílẹ̀ fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Pro-Am. Àwọn alùpùpù náà dọ́gba délẹ̀, ti Yamaha sì ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n á da àwọn kọ́kọ́rọ́ sínú akoto kan, oníkálukú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni tirẹ̀. Kò sí pé ti lágbájá sàn ju tèmi lọ. Niall Mackenzie, tó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré alùpùpù, wà lára àwọn tó tibẹ̀ yọ. Mo fẹ́ràn ìtàn kọ́kọ́rọ́ inú akoto yẹn, nítorí ó fi hàn pé bí ẹ́ńjìnì náà ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, láìfọwọ́ kàn án, ó tó kó máa dẹ́rù ba ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn.

Báwo wá ni ẹ́ńjìnì kékeré ṣe ń ṣe bí òmìrán? Two-stroke ni. Ẹ́ńjìnì mọ́tò wa lóde òní, kíráńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì kí sìlíńdà kan tó ta iná lẹ́ẹ̀kan. Ti two-stroke, bó bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, iná ti ta nìyẹn. Kò ní fáàfù lórí, kò sí ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ihò lásán ni wọ́n gbẹ́ sí ògiri sìlíńdà, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, òun náà ló ń dí wọn. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Day, ará ìlú Bath, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ lọ́dún 1891. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó fi abẹ́ písítìnì, ìyẹn inú àpótí tí kíráńkì ń gbé, ṣe ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́. Bí písítìnì bá gòkè, afẹ́fẹ́ àti epo á ya wọ inú àpótí náà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á fún wọn mọ́ra, wọn á gba ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ sá lọ sókè ibi tí iná wà. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gan-an ni. Bí awọ ẹwìrì bá sì lu, alágbẹ̀dẹ lè fẹ́ ẹ di ọ̀la, irin kò ní pọ́n.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹwìrì yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí Day kò rí yanjú. Lásìkò tí epo tuntun ń wọlé, ihò tí èéfín ń gbà jáde ṣì wà ní ṣíṣí. Nítorí náà, lára epo tuntun máa ń bá èéfín jáde lọ fẹẹrẹ, kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Ẹni tó rí ojútùú tó múná jù sí i ni ẹnjiníà kan ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, Walter Kaaden. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní Peenemünde, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ohun ìjà tó ń fò. Lẹ́yìn ogun, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ alùpùpù MZ ní ìlú Zschopau. Owó kò sí, irin gidi ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọpọlọ wà. Kaaden ṣàkíyèsí pé ariwo tó ń jáde nínú sàléńsà kì í kàn ṣe ariwo. Ìgbì ni. Bí ìgbì náà bá dé ibi tí páìpù ti ń fẹ̀, ìyókù rẹ̀ tó padà sẹ́yìn á máa fa nǹkan jáde nínú sìlíńdà. Bó bá dé ibi tí páìpù ti ń fún, èyí tó padà á máa ti nǹkan wọlé. Gbohùngbohùn ni, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá pariwo sí àpáta.

Kaaden wá ṣe sàléńsà tó ní ikùn: ó tín-ín-rín níbẹ̀rẹ̀, ó wú láàárín, ó tún fún nípẹ̀kun. Gbohùngbohùn àkọ́kọ́ ń fa èéfín jáde, ó sì ń fa epo tuntun gòkè láti inú àpótí kíráńkì. Epo tuntun tó bá ti sá jáde tẹ́lẹ̀, gbohùngbohùn kejì á gbá a padà wọlé kí písítìnì tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ wo bí àkókò rẹ̀ ṣe kéré tó. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 8,500, yíyí ẹ̀ẹ̀kan gba nǹkan bí ìdá 7 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ihò èéfín kì í ṣí ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Nínú èéfín gbígbóná, ohùn ń sáré ju 500 mítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ á rí i pé gbohùngbohùn kò ráyè rìn ju mítà méjì lọ ní àlọ àti àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí gígùn sàléńsà fi ní ìwọ̀n, tí ẹni kan kò lè fi ayùn gé e kúrú nítorí pé ó fẹ́ kó rẹwà, kó má rí ìjà ẹ́ńjìnì.

Lọ́dún 1961, 125 cc ti MZ mú agbára ẹṣin 25 jáde. Bí a bá ro ó, ó jẹ́ 200 fún lítà kan. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹ́ńjìnì mìíràn tí kò lo ẹ̀rọ ìfẹ́fẹ́ àfikún tó tíì dé ibẹ̀ rí. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni ẹni tó ń gun alùpùpù náà, Ernst Degner, sá lọ láti ibi ìdíje kan ní Sweden. Odi Berlin kò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ nígbà náà, inú búùtù mọ́tò ni wọ́n fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí gbé wọn kọjá ààlà. Degner lọ sọ́dọ̀ Suzuki ní Japan. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ló gbé lọ, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì ni ọgbọ́n Kaaden. Lọ́dún 1962, Degner àti Suzuki gba ipò kìíní lágbàáyé nínú ìdíje 50 cc. Nígbà tó di 1964, Yamaha àti Phil Read gba ti 250 cc. Láti ìgbà náà, sàléńsà oníkùn tàn kálẹ̀. Àwọn tó ń ka Degner sí akọni pọ̀, àwọn tó ń pè é ní olè náà wà. Èmi gbà pé ọkùnrin tó fẹ́ gba ìdílé rẹ̀ là ni, ṣùgbọ́n Kaaden ló san gbèsè rẹ̀: ó dúró sí Zschopau, ó ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn Japan sì ń fi ọgbọ́n rẹ̀ lù ú lórí pápá.

RD350LC tó wà nínú gáréèjì, ọmọ-ọmọ gbogbo ìyẹn ni. Nítorí sàléńsà rẹ̀, ìwà méjì ló ń hù. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tíì dé nǹkan bí 6,000, ó máa ń ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Kó kàn kọjá ibẹ̀, gbohùngbohùn á bá àkókò mu, ohùn rẹ̀ á yí padà láti bùrùbùrù sí wììì, ọwọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì fẹ́ já kúrò lára irin. Yamaha fẹ́ tún ìwà yẹn ṣe, wọ́n fi fáàfù kan sí ẹnu ihò èéfín ti RD350 tó jáde lọ́dún 1983. Èyí tí à ń sọ lónìí kò ní in.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ gáréèjì.

Alùpùpù tí ẹ máa rí rà lónìí ti dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrísí rẹ̀ lè dára, kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán, kí inú rẹ̀ sì ti jẹrà. Ohun tó ń bà jẹ́ jù ni kíráńkì, nítorí omi inú afẹ́fẹ́ máa ń rìn sísàlẹ̀, á máa jẹ bẹ́rìnì. Kíráńkì LC kì í ṣe èyí tí ẹ lè fi sípánà tú. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú ara wọn, ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ń yọ wọ́n, wọ́n á sì fi gééjì wò ó bó bá tọ́. Ibí yìí ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbé owó kalẹ̀: ẹ gbé e fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù, ilé lẹ lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gbé òòlù sí kíráńkì, tèmi kọ́ o.

Àpótí ẹ́ńjìnì yìí pín sí òkè àti ìsàlẹ̀. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín wọn, gọ́ọ̀mù tín-ín-rín ni wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi sikirudráífà gún ojú wọn kó lè là wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyà tirẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ibi tó bá ti ha ni afẹ́fẹ́ á máa gbà. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì kíráńkì, ọ́ìlì síìlì kan wà níbẹ̀. Rọ́bà ni. Rọ́bà tó ti lo ogójì ọdún ti di igi. Ẹ rántí ẹwìrì.

Bí síìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì bá lọ, ẹ́ńjìnì á máa mu ọ́ìlì jíà. Ẹ ó rí èéfín funfun tó ń bo gbogbo àdúgbò, ọ́ìlì jíà á sì máa dínkù láìsí pé ó ń kán sílẹ̀. Èyí kò ṣòro láti mọ̀, ìtìjú rẹ̀ nìkan ló le. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì wà, ló burú. Bí ìyẹn bá lu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà wọlé. Èéfín kankan kò ní jáde. Alùpùpù náà tilẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó yá sí i. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, ooru inú sìlíńdà á máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó ń ra písítìnì, inú epo yẹn ló ń bá wọlé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin lójú ọ̀nà tó gùn, orí písítìnì á yọ́, á lu, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ògiri sìlíńdà, táyà ẹ̀yìn á sì dúró gbagidi. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti di kílọ́ọ̀ṣì mú.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ṣáájú rọrùn débi pé ó ń bí mi nínú pé àwọn ènìyàn kì í ṣe é. Ẹ dí ẹnu méjèèjì tí kabúrétọ̀ ń gbà, ẹ dí ẹnu méjèèjì tí sàléńsà ń gbà, ẹ jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì wà ní ìdè. Ẹ wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀, bíi 6 psi, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó láti ṣe é. Gééjì rẹ̀ dé 300 mmHg, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 6 psi dọ́gba. Ẹ dúró, ẹ máa wo gééjì náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ po omi ọṣẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé, ibi tó bá ti ń hó ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yìí kó tó ta iná sí ẹ́ńjìnì tuntun, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ní ti sìlíńdà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bóò ó. Irin ni wọ́n fi bo ògiri inú rẹ̀, wọ́n lè gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ra písítìnì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní 0.25 mm, lẹ́yìn náà 0.50. Ẹ gbé písítìnì tuntun lọ bá wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí písítìnì ni sìlíńdà gbọ́dọ̀ bá mu. Àyè tó máa wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 0.06 mm, kò jìnnà sí ìnípọn irun orí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bóò ó tán, etí àwọn ihò inú rẹ̀ á mú bí abẹ. Bí wọn kò bá fi fáìlì pa etí yẹn, ríìngì á máa há sí i. Inú kòtò ríìngì kọ̀ọ̀kan ni èèkàn kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kó yí lọ síbi ihò. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbé sìlíńdà bò ó. Ẹnu ríìngì gbọ́dọ̀ gba èèkàn náà mọ́ra. Wáyà kékeré tó ń di pín-ìnnì písítìnì mú, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i nígbà gbogbo. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ èyí tó bá já lè jẹ sìlíńdà tán kí ẹ tó kọjá ẹnu ọ̀nà àdúgbò.

Kí a fo àwọn yòókù: jíà LC lágbára, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rọrùn láti yí padà, ẹ fọ rádíétọ̀, ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ẹ di bóòtù oríṣiríṣi sínú láílọ́ọ̀nù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí i.

Ọ̀rọ̀ epo ló kù, ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Kabúrétọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, Mikuni oníhò 26 mm. Jẹ́ẹ̀tì inú wọn ní nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni epo ṣe ń pọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ sàléńsà sí èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ jù, kó mọ̀ pé jẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ kò tó mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ra sàléńsà olówó ńlá, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gbé e jáde lọ́jọ́ Àìkú, písítìnì á yọ́ lọ́jọ́ Àìkú náà. Ìlànà àwọn àgbà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí epo ti pọ̀ jù, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Epo tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa wúkọ́ bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù ń pa á.

Pílọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí. Ẹ gbé e dé ojú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, tàbí pápá ìdíje, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin nínú jíà gíga, ẹ wá di kílọ́ọ̀ṣì mú, kẹ́ ẹ sì pa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Bó bá dúdú tó sì tutù, epo ti pọ̀. Bó bá funfun bí eérú, ẹ má ṣe tún un ṣáná, epo kò tó. Àwọ̀ ilẹ̀ bíi ti ẹ̀pà yíyan là ń wá. Àwọn mẹ́káníìkì wa tó dàgbà láyé Suzuki AX100 àti Jincheng tó jọ ọ́, tàbí tí wọ́n tọ́jú Vespa, mọ iṣẹ́ yìí láìsí gééjì kankan. Mo ti rí èyí tó kàn yọ pílọ́ọ̀gì, tó wò ó lẹ́ẹ̀kan, tó sọ bí ọlọ́kadà náà ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Bí a bá gbé irú wọn síwájú RD350LC, ọjọ́ kan péré ló máa gbà wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni ojú ọjọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, ó sì ń béèrè epo púpọ̀ sí i. Ẹ lè tò jẹ́ẹ̀tì dáadáa lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá di òwúrọ̀ oṣù kẹwàá, kí ẹ́ńjìnì kan náà gún. Níhìn-ín pẹ̀lú, òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í bá ọ̀sán ọyẹ́ dọ́gba. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún epo.

Ní ti ọ́ìlì, LC ní táńkì ọ́ìlì tirẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un wọlé. Láti ọdún 1964 ni Yamaha ti ń ta irú rẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á máa po ọ́ìlì mọ́ epo fúnra wọn, lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 32, bíi ti àwọn tó ń sáré ìdíje. Èmi kò rí ìdí rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa gùn ún lójú títì. Kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rọ́bà rẹ̀, kí wọ́n to wáyà rẹ̀ bá àmì tó wà lára rẹ̀, ó tán. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtìkó, E10, ní ọtí ẹ́táńọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́táńọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ máa ra E5 níbi tó bá wà, ẹ sì fa kabúrétọ̀ gbẹ bí alùpùpù bá fẹ́ sùn nígbà òtútù.

Ó wá ku àwọn tó fẹ́ fi fáìlì gbẹ́ ihò inú sìlíńdà kó lè sáré sí i. Láti ọdún 1973 tí Gordon Jennings ti ṣe ìwé lórí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe é nílé. Bí ẹ bá gbé ihò èéfín sókè, agbára á pọ̀ sí i lókè, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ á gùn sí i. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, tó kọjá nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú sìlíńdà, ríìngì á yọ orí sínú rẹ̀, á há, á ṣẹ́. Ẹni tó bá gé irin kúrò kò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Ohun tí mo lè gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe nílé ni àyè tó wà láàárín etí písítìnì àti orí sìlíńdà. Ẹ fi ègé lẹ́ẹ̀dì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń jó sí i, ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì kọjá òkè, ẹ wá wọn bó ṣe pẹlẹbẹ tó. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fẹ́ kó sún mọ́ 1 mm. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń rí agbára díẹ̀ tí kò ní béèrè ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì ta á, tó dáhùn, ẹ ní sùúrù kó gbóná dáadáa kí ẹ tó fún un níná. Alumíníọ́mù ni písítìnì, irin ni sìlíńdà, alumíníọ́mù ló sì ń yára wú. Omi rádíétọ̀ kò lè gba ẹni tó ń kánjú lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń dágbére. Dísíìkì bíréèkì méjì ló wà níwájú RD350LC, ti ẹ̀yìn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì lọ sì ti dàgbà bíi ti síìlì kíráńkì. Mo rí àwọn tó ná owó rẹpẹtẹ sórí ẹ́ńjìnì, tó jẹ́ pé rọ́bà bíréèkì àti táyà tí wọ́n bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ wọn kí ẹ tó gbé e kúrò nínú gáréèjì.